Ta Ló Ní Kí N Gbà Á Gbọ́?

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo mọ ohùn yẹn. Kì í ṣe ohùn ẹni tó fẹ́ kí mi. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ṣí ojú ìwé tí a fi ń ṣọ́ gbogbo ètò wa, mo sì rí ohun tó bà mí lẹ́rù ju iná pupa lọ: iná àwọ̀ ewé ló ń tàn níbi gbogbo. Sáfà ò gbóná. Mẹ́mọ́rì wà rẹpẹtẹ. Database, ibi ìkó dátà wa, ń mí dáadáa. Service 17, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí a gé áàpù wa sí, la ní nígbà náà, kò sì sí ẹyọ kan tó kú nínú wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣí áàpù wa, òbìrí funfun kan ló máa rí tó ń yí, tó ń yí, tí kò sì fẹ́ dúró.

Ó gbà wá ní wákàtí kan àtààbọ̀ ká tó rí ọ̀daràn náà mú. Service kékeré kan ni, olùfọ́tò la máa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó sọ fọ́tò ńlá di kékeré, èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà. Kò kú o. Ká ní ó kú ni, à bá tètè mọ̀, à bá sì ti sùn padà. Ó kàn ń falẹ̀ ni. Ohun tó ń fi 40 millisecond (ẹgbẹ̀rún kan wọn ló wà nínú sẹ́kọ́ńdì kan) dáhùn tẹ́lẹ̀ ti wá ń gba 30 sẹ́kọ́ńdì. Service tó ń pè é, èyí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà, ní ọwọ́ 200 tó fi ń ṣiṣẹ́. Thread là ń pe ọwọ́ yìí nídìí iṣẹ́ wa. Ọwọ́ tó bá ti nà sí olùfọ́tò, ibẹ̀ ló máa wà, á máa retí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìpè kan bá ń gba 40 millisecond, ọwọ́ 200 lè dá ìbéèrè 5,000 lóhùn láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Bó bá di 30 sẹ́kọ́ńdì, kò ní lè dá méje lóhùn. Bí ìyẹn ti dì pa, ni àwọn tó ń pe òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn rẹ̀, títí ìlà náà fi dé ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò tí ojú èèyàn ò ní wá bí kò bá sí níbẹ̀ ló ti gbogbo ilé pa.

Kóòdù tó ń pe olùfọ́tò yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Ìlà kan péré ni. Mo kọ àdírẹ́sì, mo kọ ohun tí mò ń fẹ́, mo sì gbàgbé láti kọ iye àsìkò tí mo lè fi dúró. Láìmọ̀, mo ti bá a dá májẹ̀mú pé bó bá wù ú kó dá mi dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́, n ò ní ráhùn. Ta ló ní kí n gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Láti òru ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí lórí gbogbo ìlà tó bá fẹ́ bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀. Ibi tí mi ò sì rò ló gbé mi dé.

Nígbà tí gbogbo ètò ṣì wà nínú kóòdù kan ṣoṣo, apá kan máa ń pe apá kejì bí ọwọ́ òsì ṣe ń pe ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí pé o pè é kó má gbọ́. Kò sì sí pé ẹlòmíì gbọ́rọ̀ dípò rẹ̀, kó fi ohùn rẹ̀ dá ọ lóhùn. Ọjọ́ tí o bá gé wọn sọ́tọ̀, tí o fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sáàárín wọn, méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀: ó lè má dáhùn, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíì ló dáhùn. Ọ̀kan la ń pè ní ọ̀ràn ìfaradà, a ń pe èkejì ní ọ̀ràn ààbò. Nílé iṣẹ́ púpọ̀, àwọn tó ń bójú tó méjèèjì kì í jókòó nínú yàrá kan náà. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá nìyẹn, torí ìbejì ni wọ́n.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́dún 1994, Peter Deutsch, tó wà ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems nígbà náà, to àwọn irọ́ tí àwa tí a ń kọ irú ètò yìí máa ń pa fún ara wa jọ. Méje ni wọ́n nígbà yẹn, kí James Gosling tó fi ìkẹjọ kún un. Èyí àkọ́kọ́ ni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò ní já. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé “nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò léwu” náà wà níbẹ̀. Inú ìwé kan náà ló kọ méjèèjì sí. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1987, Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ ọ́ sínú ìmeèlì kan pé ètò tó fọ́n káàkiri ni èyí tí kọ̀ǹpútà tí o ò mọ̀ pé ó wà láyé rí á bàjẹ́, tí tìrẹ ò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ olùfọ́tò, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nítorí kí ni a ṣe ń gé ètò sí wẹ́wẹ́ nígbà náà? Ìdí wà. Netflix rí tiẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2008, nígbà tí database wọn bàjẹ́, tí wọn ò sì lè fi DVD ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà náà ni wọ́n pinnu pé àwọn ò ní gbé gbogbo ẹrù lé orí ohun kan ṣoṣo mọ́. Oṣù kìíní 2016 ni wọ́n tó parí ìṣíkiri yẹn. Ó lé ní ọdún méje! Nígbà tí James Lewis àti Martin Fowler sì ṣàlàyé microservice, ìyẹn gígé ètò sí wẹ́wẹ́ yìí, fún gbogbo ayé ní 2014, kálukú fẹ́ ní tirẹ̀. Òpin ìrìn àjò Netflix la rí, a ò ka ọdún tí wọ́n fi rìn ín. Àwa tí a ò ju mẹ́fà lọ nínú ọ́fíìsì, kí la fẹ́ fi service 17 ṣe? Mo ṣì ń bi ara mi. Bí ẹ bá lè fi kóòdù kan ṣoṣo tó létò gbé iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbé e.

Torí ìṣirò ò ní ojúsàájú. Bí service kan bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún, kò ní sí lórí ìdúró fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án lọ́dún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá to mẹ́wàá irú rẹ̀, kí ìbéèrè kan máa gba ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kọjá kó tó rí ìdáhùn: ó ti di ìdá 99, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí 87. Bí wọ́n bá jẹ́ 30, ìdá 97 ló kù, iye àsìkò tí ẹ ó fi dákú á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ mọ́kànlá. Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ burúkú nínú wọn o. Gbogbo wọn ló dára. Gbígbára lé ara wọn ló pa wọ́n.

Lẹ́yìn òru yẹn, a tún ilé ṣe. Timeout, ìyẹn gbèdéke iye àsìkò tí a ó fi dúró, la kọ́kọ́ fi sí gbogbo ìpè, mo sì rí i níbẹ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo gbàgbé: requests, kóòdù tí àwọn oní-Python fi ń pe kọ̀ǹpútà mìíràn, ò ní gbèdéke kankan bí o kò bá fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni http.Client inú Go. Àwọn tó kọ wọ́n ò mọ bí iṣẹ́ tìrẹ ṣe rí, wọ́n wá fi sílẹ̀ fún ọ, ìwọ náà sì rò pé wọ́n ti bá ọ ṣe é.

Lẹ́yìn náà la kan retry, ìyẹn títún ìpè tó kùnà pè. Ibí yìí gan-an ni ojú ti tì mí jù. Gbogbo wa la ti kọ ọ́ pé bí ìpè bá kùnà, ká gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni létí ẹnì kan. Àmọ́ ìpele mẹ́rin ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà àti ìsàlẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ pè lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpè yẹn di mẹ́ta ní ìpele kejì, ó di 27 ní ìkẹta, ó sì di 81 ní ìkẹrin. Oníbàárà kan tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń ṣàìsàn nísàlẹ̀ gba ìpè 81. Ó ti ṣubú, a tún wá ń gun orí rẹ̀. Ní báyìí, ibì kan ṣoṣo lókè ló láṣẹ láti tún pè. Ó gbọ́dọ̀ máa fi kún àsìkò tó fi ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ìdúró tí kò ní ìwọ̀n kan pàtó sí i, kí gbogbo wọn má baà jọ padà wá kanlẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, owó kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ gbé á ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí a kò ní yí padà bí a bá tún pè, kí wọ́n má baà gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Torí pé mi ò gbọ́ ìdáhùn kò túmọ̀ sí pé wọn ò ṣe é. Ó lè jẹ́ pé owó ti lọ, ìdáhùn ló sọnù lọ́nà.

Circuit breaker tẹ̀ lé e. Michael Nygard ló jẹ́ kí orúkọ yìí tàn kálẹ̀ láti 2007, bó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: bí ẹni tí ò ń pè bá ti kùnà léraléra, fi í sílẹ̀ ná, má pè é fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí o rán ìpè kan ṣoṣo lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ ti yá. A tún pín àwọn ọwọ́ yẹn. Olùfọ́tò ò lè gbà ju 20 lọ nínú 200, ohun yòówù kó ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi la ti kọ́ ìyẹn, ìdí sì nìyí tí a fi ń pè é ní bulkhead. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Titanic, tó rì ní 1912. Wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá 16, àmọ́ ògiri àárín wọn ò ga tó, omi bá kún yàrá kan, ó dà sí èkejì. Mo sọ èyí torí pé odindi oṣù kan la fi yọ̀ lórí ìpín wa, kó tó di pé ẹnì kan rí i pé gbogbo wọn ṣì jọ ń lo ìsopọ̀ kan náà sí database.

Ibi tí ìtàn mi gan-an wà nìyí.

Inú mi dùn sí circuit breaker yẹn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri. Níbi olùfọ́tò, bí kò bá dáhùn, a ó fi òbìrí aláwọ̀ eérú rọ́pò, iṣẹ́ á máa lọ. Ó rọrùn, ó dára. Mo gbé irú kóòdù yẹn kan náà, mo fi sí ibi tí a ti ń béèrè lọ́wọ́ service tó ń yẹ àṣẹ wò pé ṣé ẹni yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ń béèrè. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, tó ń bójú tó ààbò, wá sídìí tábìlì mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan nípa ìlà kan.”

“Bi mí.”

“Tí service tó ń yẹ àṣẹ wò ò bá dáhùn, circuit breaker á já, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kí gbogbo nǹkan má baà dúró.”

“Tó bá wá já, kí la ń dá padà?”

Mo wo ìlà náà. Èmi ni mo kọ ọ́ lóòótọ́. “True,” ni mo fi dáhùn, ìyẹn ni pé “ó lẹ́tọ̀ọ́, jẹ́ kó kọjá”, ohùn mi sì ti ń lọ sílẹ̀.

“Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé láìgbàṣẹ, kó ṣáà kọ́kọ́ fi ìbéèrè rẹpẹtẹ jẹ́ kó rẹ service yẹn ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó má baà dà bíi pé mo fẹ́ sunkún. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ohun tí mo fi sílé kí ilé má baà wó ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kò sí olè tó gba ibẹ̀ wọlé. A yẹ log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò wa, wò, ìṣẹ́jú 11 péré ni circuit breaker yẹn ti já rí, àwọn oníbàárà wa gidi nìkan ló sì kọjá. Oríire ni, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ilẹ̀kùn méjì ló máa ń wà lọ́kàn mi báyìí. Ilẹ̀kùn àbájáde nígbà iná, bí iná mànàmáná bá lọ, ó gbọ́dọ̀ ṣí, kí èèyàn ráyè sá jáde. Àpótí ìfowópamọ́, bí iná bá lọ, kò gbọdọ̀ ṣí rárá. Kò sí ẹni tó lè bá kóòdù mọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ pinnu, kó sì pinnu rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oorun ò kun ojú rẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe ni pé, dípò kí service kọ̀ọ̀kan máa sáré lọ béèrè ní gbogbo ìgbà, oníbàárà á gba token, ìwé àṣẹ kékeré tí a ti buwọ́ lù, service kọ̀ọ̀kan á sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba yẹ ìbuwọ́lù náà wò fúnra rẹ̀. JWT (JSON Web Token) là ń pè é, èyí tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2015. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí i pé àwọn kóòdù kan ń gba token tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò ní ìbuwọ́lù: lẹ́tà kọ sí orí ara rẹ̀ pé kí o má yẹ òun wò, ìwọ náà sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nítorí náà, àwa la ń sọ irú ìbuwọ́lù tí a ó gbà, kì í ṣe token.

Ṣùgbọ́n báwo ni kí ẹ̀mí token ṣe gùn tó? Bó bá jẹ́ wákàtí 24, tí wọ́n jí fóònù ẹnì kan, olè náà ní ọjọ́ kan gbáko. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹni tó ń pín token bá dákú fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, gbogbo oníbàárà á wà níta. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, òun ló ń sọ bí olè ṣe lè pẹ́ tó nínú ilé, òun náà ló ń sọ bí ilé ṣe lè pẹ́ tó láìsí aṣọ́nà. Ìjókòó mẹ́ta la fi jiyàn lé e lórí. Ìṣẹ́jú 15 la fẹnu kò sí fún ẹni tó kàn fẹ́ wo nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé owó, a ó béèrè tààrà, bí a ò bá sì gbọ́ ìdáhùn, kò ní kọjá.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ olùfọ́tò, ẹni mi àtijọ́. Fáìlì láti ọwọ́ àjèjì káàkiri ayé ló ń gbà, kóòdù tí a ò mọ ẹni tó kọ ọ́ ló sì fi ń ṣí wọn. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò burúkú gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló lè dé? Mo lọ wò ó. Pásíwọ́ọ̀dù database tí gbogbo wa ń lò náà ló ń lò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju gígé fọ́tò lọ lè ka ìwé ìnáwó gbogbo oníbàárà, ó sì lè pa á rẹ́ pẹ̀lú! Kubernetes Secret, ìyẹn àpótí àṣírí inú ètò tó ń bá wa darí àwọn service, la tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù yẹn sí, orúkọ yẹn sì ti fi wá lọ́kàn balẹ̀. Base64 lásán, ìyẹn ọ̀nà kan láti tún lẹ́tà kọ láìfi í pa mọ́, ló wà nínú rẹ̀ bí o ò bá ṣe ìtò mìíràn, ọmọdé lè tú u láàárín sẹ́kọ́ńdì méjì.

Saltzer àti Schroeder ti wí i láti 1975 pé àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò nìkan ni kí o fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ràn Capital One, báǹkì kan ní Amẹ́ríkà, ní 2019 fi hàn bó ṣe ń rí bí a kò bá gbọ́: olè gba ojú firewall, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tí wọn ò tò dáadáa, ó gba ìwé àṣẹ tí firewall yẹn ń lò, ìwé àṣẹ náà sì lágbára ju iṣẹ́ firewall lọ. Dátà èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù ló bá a lọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, òótọ́ ni; àmọ́ ẹni tó ní service 17 ti ní ẹnu 17 lára ògiri. Èrò tí John Kindervag pè ní zero trust (má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lásán) ní 2010 ò ju ìbéèrè mi òru yẹn lọ: ta ló ní kí o gbà á gbọ́ nítorí pé inú ilé ló wà?

Mi ò fẹ́ kí ó dà bíi pé kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ ni ojútùú. Kọ́kọ́rọ́ náà máa ń ti onílé mọ́ta. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 2018, certificate kan, ìwé ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, tí àsìkò rẹ̀ ti pé nínú sọ́fítíwíà Ericsson ló gba íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ fóònù O2 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀, kàlẹ́ńdà ni. Nígbà tí Facebook parẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, ààbò tó yí àwọn sáfà wọn ká wà lára ohun tó fa ọwọ́ àwọn tó fẹ́ tún un ṣe sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n sì ní ìnira yẹn tó bẹ́ẹ̀ fún ààbò tí àwọn ń rí lójoojúmọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Èyí tí mi ò lè gbà ni ti S3, ibi tí AWS, ẹ̀ka Amazon tó ń yá ni ní kọ̀ǹpútà, ti ń tọ́jú fáìlì, ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2017: nígbà tó wó, ojú ìwé tí AWS fi ń sọ fún ayé pé nǹkan ti bàjẹ́ ò ṣeé yí padà, torí pé S3 lòun náà gbára lé. Mo ka ìyẹn tán, mo sáré lọ wo tiwa. Ìmeèlì tó yẹ kó jí wa lóru ń gba inú service tiwa kọjá.

Ní báyìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń ba nǹkan jẹ́ fúnra wa. Ọ̀dọ̀ Netflix la ti kọ́ ọ, àwọn tí Chaos Monkey wọn ń pa sáfà láìkìlọ̀, tí wọ́n sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ síta ní 2010. Ṣùgbọ́n àwa kì í pa, ìfàsẹ́yìn la máa ń fi sí i. Ikú rọrùn láti rí. A ń mú service kan, a ó fi sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá kún ìdáhùn rẹ̀, a ó wá jókòó máa wo ẹni tó kọ́kọ́ ké. Ọmọbìnrin yẹn ló máa ń yan èyí tí a ó dá lóró. Kì í sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùfọ́tò tún falẹ̀ lóru fún ìṣẹ́jú 50, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ló fọwọ́ kàn án. Àárọ̀ ni mo tó rí i nínú log. Oníbàárà kan ṣoṣo ló kọ̀wé sí wa nípa rẹ̀: ó béèrè bóyá òbìrí aláwọ̀ eérú yẹn ni ọ̀ṣọ́ tuntun.